Ẹ Má Lé Wa, Ẹ Má sì Fún Wa Lọ́fẹ̀ẹ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Ẹlẹ́wé-ọmọ àti Lẹ́kùléja Òṣogbo

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń ta ewé, egbò àti èèpo igi ní Ọjà Ọba, ní Olúòde, àti ní gbogbo ìsọ̀ tó wà káàkiri ìgboro Òṣogbo,

Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Ẹ kú ọjà o. Ajé á wọ igbá, ọjà ò ní kú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ta sí mi létí, mi ò sì lè dákẹ́. Wọ́n ní ẹ ti ń sọ ọ́ láàárín ara yín pé ẹnikẹ́ni tó bá tún yọjú pẹ̀lú bírò àti ìwé, tó ń béèrè pé "Màmá, kí ni wọ́n ń fi eléyìí ṣe?", kí ẹ ní kó máa bá tirẹ̀ lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Mo mọ irú àwọn tó ń wá. Wọ́n á jókòó tì yín láti àárọ̀ títí ọ̀sán á fi pọ́n, wọ́n á ra ewúro ₦200, wọ́n á kó ìmọ̀ tí ẹ fi ọdún gbọọrọ kọ́ lẹ́sẹ̀ àwọn ìyá yín sínú ìwé, wọ́n á ní àwọn ń padà bọ̀. Ó di gbére. Tó bá yá, orúkọ ewé yín á wà nínú ìwé kan lókè òkun, orúkọ tiyín ò ní sí níbẹ̀.

Ẹ má bínú, èmi náà wà nínú àwọn oníbírò yẹn. Yàrá àyẹ̀wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ewé sì ni mò ń yẹ̀ wò. Ẹ̀bẹ̀ tí mo bá wá ni pé kí ẹ má lé wa, àmọ́ kí ẹ má ṣe fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Kí ẹ tó lè dá owó lé ohun tó wà lọ́wọ́ yín, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí à ń wá gan-an, torí púpọ̀ nínú wa kì í là á yé yín. Ewé yẹn nìkan kọ́ là ń wá. Ohun abẹ̀mí kan tó ń gbé inú rẹ̀ ni.

Olú, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ èyí tí à ń jẹ, ẹ mọ èyí tó ń pani. Ẹ sì mọ ohun funfun tàbí aláwọ̀ eérú tó máa ń bo búrẹ́dì tó bá ti bu. Ẹbí kan náà ni wọ́n. Fọ́ńgáì ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe gbogbo wọn pọ̀. Ẹbí náà pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé oríṣi tó wà láyé lè wà láàárín mílíọ̀nù 2.2 sí mílíọ̀nù 3.8, bẹ́ẹ̀ èyí tí wọ́n ti fún lórúkọ kò tó 200,000. Ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń wá ìyókù ni inú ewé, inú ẹ̀ka, inú gbòǹgbò àti inú èso igi tí ara rẹ̀ le koko.

Inú ewé ni mo wí o, kì í ṣe ara ewé. Ewé náà á tutù yọ̀yọ̀, kò ní àbàwọ́n, kò rọ, kò pọ́n, bẹ́ẹ̀ fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán ò lè rí ń gba àárín sẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí òmíràn nínú rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí irú igi tí wọ́n yẹ̀ wò dáadáa tí wọn kò bá wọn níbẹ̀. Heinrich Anton de Bary, ọmọ Jámánì, ló ti fún irú wọn lórúkọ àpapọ̀ láti 1866. Àjọgbé yìí sì ti wà tipẹ́ kí ọmọ ènìyàn tó dáyé: ní Rhynie, ní Scotland, wọ́n rí ohun ọ̀gbìn tó ti di òkúta láti nǹkan bí 400 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, fọ́ńgáì sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ṣì lè rí. Ayálégbé ni mo ka olú inú ewé sí. Àwọn kan ń san owó ilé dáadáa. Àwọn kan kàn wà níbẹ̀, wọn ò ṣe rere, wọn ò ṣe ìkà. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń dúró kó rẹ onílé, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ògiri ilé.

Mo mọ̀ pé ẹ kì í gba ohun tí ojú yín ò rí gbọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi bí a ṣe ń ṣe é hàn yín. Ká ní akòko ni. Mo fẹ́ ewé tó ti gbó, tí kòkòrò ò jẹ, tí wọ́n já tẹ̀ka-tẹ̀ka láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. N ó fi omi ẹ̀rọ fọ eruku ara rẹ̀ dànù. N ó rì í sínú ọtí tó le ju ògógóró tí ẹ fi ń rẹ egbò lọ, fún bí ìṣẹ́jú kan. N ó gbé e bọ omi tí a fi bílíìṣì ìfọṣọ sí, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. N ó dá a padà sínú ọtí, n ó wá fi omi tí a ti sè títí kòkòrò kankan ò fi sí nínú rẹ̀ mọ́ ṣàn án léraléra. Gbogbo làálàá yìí, ká lè pa ohun tó bá wà lára ewé náà lóde ni, kó má di pé ohun tí atẹ́gùn gbé wá là ń pè ní ọmọ inú ilé. N ó tún kán díẹ̀ nínú omi tí mo fi ṣàn án gbẹ̀yìn sínú àwo ọ̀tọ̀. Bí nǹkan bá hù nínú àwo yẹn, iṣẹ́ ti bàjẹ́, ká dà á nù ká tún bẹ̀rẹ̀.

Oúnjẹ tí à ń gbé ewé náà lé kì í ṣe oúnjẹ àrà. Pòtétò ni. A ó sè é, omi rẹ̀ la fẹ́: 200 gíráàmù pòtétò sí líta omi kan, gúlúkóòsì 20 gíráàmù, àti nǹkan kan tí wọ́n fà yọ láti ara ewéko inú òkun tó máa mú un dì. A ó fi oògùn díẹ̀ sí i kí bakitéríà má ráàyè. Ìgbà yẹn ni n ó wá fi abẹ gé ewé akòko wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má tóbi ju èékánná ọmọ ìka lọ, n ó tò ó sínú àwo pẹlẹbẹ, n ó dé e. Tó bá tó bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ wá wò ó. Láti etí ibi tí abẹ ti gé e ni fọ́nrán funfun á ti yọ jáde; orí ewé náà á ṣì mọ́ tónítóní. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ó ti di òwú. Ẹyọ kan á jẹ́ àwọ̀ eérú, ẹyọ kejì á máa ta àwọ̀ osùn sínú oúnjẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà míì, àwọn méjì á máa bọ̀ wá pàdé ara wọn, wọ́n á sì dúró. Àlàfo á wà láàárín wọn tí ìkankan ò ní kọjá, torí pé ọ̀kan ń tu nǹkan jáde tí èkejì ò lè fara dà. Àlàfo yẹn lèmi máa ń kọ́kọ́ wò tí mo bá ṣí ìdérí. Irú rẹ̀ ni Alexander Fleming rí nínú àwo rẹ̀ ní 1928, kó tó di penisílíìnì.

Ó yẹ kí ẹ béèrè pé kí wá ni ìwúlò rẹ̀.

Ọgbà kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Yellowstone, tí iná abẹ́ ilẹ̀ ń mú kí omi máa hó láti inú ilẹ̀. Koríko kan ń hù níbẹ̀, nínú ilẹ̀ tí ooru rẹ̀ lè tó 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí wọ́n bá yọ fọ́ńgáì inú rẹ̀ kúrò, koríko náà kò lè dúró. Fọ́ńgáì náà tó bá dá wà, òun náà ò lè fara da ooru yẹn. Ní 2007, Luis Márquez, Marilyn Roossinck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá ṣàlàyé pé ẹnìkẹta wà níbẹ̀: fáírọ́ọ̀sì kan ló ń gbé inú fọ́ńgáì tó ń gbé inú koríko. Ẹ yọ fáírọ́ọ̀sì yẹn, kò sí ẹni tó máa yè nínú wọn. Láti ìgbà tí mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí, tí ẹnìkan bá ní "ewé kan ṣoṣo" ni òun lò, ẹ̀rín ló máa ń pa mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní oko kòkó lọ́nà Iléṣà tàbí lọ́nà Ifẹ̀, ẹ mọ ohun tí àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú ń fi ojú àgbẹ̀ rí tí òjò bá ti dá a sílẹ̀. Ní Panama, àwọn onímọ̀ kan kó fọ́ńgáì láti inú ewé kòkó tí ara rẹ̀ le, wọ́n fi sínú ewé kòkó kéékèèké, wọ́n wá fi ohun tó ń fa irú àrùn yẹn kọ lù wọ́n. Ewé tí ayálégbé wà nínú rẹ̀ kò bàjẹ́ tó èyí tó ṣófo. Ní 2003 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. Ohun tó sì yẹ kí ẹ̀yin fetí sí nínú rẹ̀ nìyí: ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kò ní nǹkan kan nínú. Òjò àti atẹ́gùn ló ń gbé wọn wá díẹ̀díẹ̀, bí ewé bá sì ṣe ń gbó ni wọ́n ń pọ̀ sí i.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ewé tó rúwé lánàá àti ewé tó ti gbó lórí igi kì í ṣe ẹgbẹ́, pé àgbo kan wà tó jẹ́ pé ọ̀jẹ̀lẹ́ ló ń fẹ́, òmíràn sì wà tí ẹ ò ní fi ọ̀jẹ̀lẹ́ sí láé. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé igi kan náà tó hù ní àkùrọ̀ àti èyí tó hù lórí àpáta, agbára wọn ò dọ́gba. Mi ò sọ pé olú inú ewé ló fa gbogbo rẹ̀; oòrùn wà níbẹ̀, ilẹ̀ wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ̀ dájú pé olú inú ewé ń yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, láti ìgbà òjò sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti ọ̀jẹ̀lẹ́ dé ògbólógbòó. Oníbírò tó bá béèrè orúkọ ewé lọ́wọ́ yín, tí kò béèrè ibi tí igi rẹ̀ wà àti ìgbà tí ẹ já a, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló dára o. Koríko kan wà tí àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà gbìn káàkiri fún màlúù, torí pé kòkòrò kì í lè jẹ ẹ́, ọ̀gbẹlẹ̀ kì í sì í tètè pa á. Ṣùgbọ́n màlúù tó ń jẹ ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rù, pátákò àwọn kan ń jẹrà tí òtútù bá mú. Nígbà tó di 1977 ni wọ́n tó rí i pé fọ́ńgáì tó wà nínú koríko náà ló ń ṣe májèlé. Àwọn ará New Zealand tí àgùntàn wọn ń gbọ̀n tìtì nítorí irú koríko mìíràn wá ọgbọ́n dá: wọ́n wá oríṣi fọ́ńgáì tó ń lé kòkòrò ṣùgbọ́n tí kì í ṣe àgùntàn ní jàǹbá, wọ́n fi rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀, wọ́n sì ń ta irúgbìn rẹ̀ títí dòní. Èyí gan-an ló jọ mí lójú ju ọ̀pọ̀ ìròyìn oògùn lọ, torí pé ó dé ọwọ́ àgbẹ̀.

Ìròyìn oògùn ló kúkú gbé olú inú ewé dé ojú ọpọ́n. Paclitaxel, oògùn jẹjẹrẹ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1992, láti ara èèpo igi kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Igi náà kì í tètè dàgbà, bí wọ́n bá sì bó o tán, ó kú nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ohun tí bíbó ń ṣe fún awọ́pa àti ahùn nínú igbó wa, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ní 1993, Gary Strobel pẹ̀lú Andrea àti Donald Stierle kéde pé àwọn rí fọ́ńgáì kan nínú igi yẹn tó ń ṣe oògùn náà fúnra rẹ̀. Ayé hó yèè. Ta ló máa tún bó igi tí wọ́n bá lè gbin fọ́ńgáì sínú ìkòkò? Ṣùgbọ́n ohun tí fọ́ńgáì náà mú wá kéré débi pé kò tó nǹkan. Nígbà tó di 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì wá inú irú fọ́ńgáì bẹ́ẹ̀ wò fínnífínní, wọ́n ní àwọn ò rí ohun tó fi hàn pé ó lè dá a ṣe. Lónìí, sẹ́ẹ̀lì igi tí wọ́n ń tọ́jú sínú agbada ńlá àti ewé irú igi náà tó wà ní Yúróòpù ni wọ́n fi ń ṣe oògùn yẹn. Torí náà, bí ọmọ yunifásítì kan bá wá sọ fún yín pé òun máa rí oògùn jẹjẹrẹ nínú ewé yín lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ rẹ́rìn-ín sí i, kí ẹ ta ewé rẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an ló kàn. Ní 1999, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ oògùn Merck kọ ìròyìn kan sínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ti yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan wò, wọ́n ń wá ohun tó lè ṣiṣẹ́ ínsúlínì, kí alárùn ìtọ̀ ṣúgà lè máa gbé oògùn mì dípò kó máa gún abẹ́rẹ́. Wọ́n rí ọ̀kan. Fọ́ńgáì kan ló ń ṣe é, inú ewé ni fọ́ńgáì náà ń gbé, ẹ̀bá Kinshasa ní ilẹ̀ Kóńgò ni ewé náà sì ti wá. Wọ́n fún eku tó ní àrùn náà jẹ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀. Kò tíì di oògùn tí dókítà lè kọ fún ènìyàn. Ọ̀nà jìn láti ara eku dé ara ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ fọ́ńgáì yẹn tó ká mi lára ni pé wọn ò mọ igi tí wọ́n já. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pé igi tí a kò dá mọ̀ ni.

Ní ẹ̀bá Kinshasa! Ṣé kò sí ọjà níbẹ̀ ni? Ṣé kò sí ìyá kan tó ń ta ewé lórí àtẹ? Ká ní ẹni tó já a gbé e dé iwájú irú yín, ká ní ó sọ pé "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ eléyìí?", ó ṣeé ṣe kí ẹni náà dárúkọ igi yẹn, kó dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀, kó sì sọ ohun tí àwọn àgbà ń fi í wò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò sí níbi tí wọ́n ti ń kọ̀wé. Bí ẹ bá lé gbogbo wa, bó ṣe máa rí ní Òṣogbo nìyẹn. Wọ́n á já ewé náà lẹ́bàá títì, wọ́n á gbé e lọ, wọn ò sì ní jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, torí pé wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ẹ lè ní kí n mú àpẹẹrẹ ilé wá. Ó wà. Bàbá oníwàásù kan, Rẹ́fúrẹ́ndì Ògúnyalé, ní àgbo ìdílé kan fún àrùn tí à ń pè ní fònìkú-fọ̀ladìde, tí àwọn dókítà ń pè ní sickle cell. Ìyèré wà nínú rẹ̀, kànáfùrù wà níbẹ̀, igi osùn wà níbẹ̀, pòròpórò ọkà bàbà náà wà níbẹ̀; kò sí èyí tí kò sí lórí àtẹ yín. Bàbá náà kò fi pamọ́, kò sì fi ta ọrẹ. Ó bá ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba ní Àbújá tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n ṣiṣẹ́ lé e lórí, ó sì di oògùn kápúsù tí NAFDAC fọwọ́ sí ní 2006. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó gba àṣẹ láti máa ṣe é ló wọko gbèsè ní 2008, iṣẹ́ sì dẹnu kọlẹ̀. Ó dùn mí wọra. Síbẹ̀ ẹ wo ohun tó yàtọ̀ sí ti Kinshasa: a mọ ewé, a mọ ẹni tó ni ín, ìwé sì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí.

Òfin náà wà lẹ́yìn yín. Ní 2010, ní ìlú Nagoya ní Japan, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò pé ẹni tó bá fẹ́ lo igi, ewé tàbí ohun abẹ̀mí inú wọn láti ilẹ̀ onílẹ̀, tàbí ìmọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ní nípa wọn, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè, kó sì bá wọn pín èrè tó bá tibẹ̀ jáde. Nàìjíríà buwọ́ lu ìwé náà. Kódà kí ìyẹn tó wáyé, ní South Africa, ní 2003, àwọn San, ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ kan níbẹ̀, rí àdéhùn gbà lórí ewéko hoodia tí àwọn ọdẹ wọn ti ń jẹ láti pa ebi, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ ìjọba ti gba ìwé àṣẹ lé e lórí láìsọ fún wọn. Ariwo ni wọ́n pa tí wọ́n fi rí i gbà.

Nítorí náà, bí oníbírò bá tún dé, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló rán an? Ta ló ń sanwó iṣẹ́ náà? Ṣé ewé lásán ló fẹ́ àbí ohun inú rẹ̀, torí pé ẹni tó bá rí fọ́ńgáì tó dára lẹ́ẹ̀kan lè máa bí i sínú àwo títí ayé, kò tún ní padà wá ra ewé kan lọ́wọ́ yín mọ́. Èyí ló yẹ kó yé yín ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ewé máa ń tán, ẹ ó sì tún tà á. Fọ́ńgáì kì í tán. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì tí ẹ máa tẹ̀ka sí lọ́wọ́ òfo. Kí orúkọ ẹgbẹ́ yín wà nínú ohunkóhun tó bá tẹ̀ jáde. Kí ẹ̀dà fọ́ńgáì tí wọ́n bá rí wà ní Nàìjíríà níbí. Bí owó bá wà níwájú, ẹgbẹ́ ni kó gbà á, kì í ṣe ẹni kan, torí ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ìyá kan ló kọ́ ìyá kejì. Kó sì padà wá jábọ̀ fún yín ní ìpàdé, kódà bó bá jẹ́ pé òfo ló bá. Ọfọ̀ àti awo ìdílé yín, a ò béèrè, ẹ má sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ Igbó Ọ̀ṣun náà wà níbẹ̀. 75 hẹ́kítà ni igbó yẹn, UNESCO sì fi í sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 2005. Àwọn ìwé tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ sọ pé oríṣi ewéko tó wà níbẹ̀ lé ní 400, èyí tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìwòsàn nínú wọn sì lé ní 200. Ibi tí èèwọ̀ ti pa igi mọ́ nígbà tí pákó ti kó ti ibòmíràn lọ. Fún irú iṣẹ́ tèmi, ìṣúra ni, nítorí igi tó ti dàgbà níbi kan náà fún ìgbà pípẹ́ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án ló wà níbẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀ lọ já ewé fún mi o! Àwọn tó ń ṣọ́ ọ ní ààfin àti àwọn ìjọba tó ń bójú tó o la máa lọ bá, bí wọ́n bá kọ̀, a ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ mọ àwọn igi tó wà nínú rẹ̀ tí kò sí níta mọ́. Bí a bá kọ orúkọ wọn sílẹ̀ nísinsìnyí, a ó mọ èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ tọrọ àyè fún.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí mo lè máa kà sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní 2011, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa fọ́ńgáì tí wọ́n rí nínú ẹ̀ka igi ní Ecuador, tó ń jẹ irú ike kan tó bá fóòmù mátíràsì wa tan. Kì í ṣe ọ̀rá píọ̀wọ́tà o, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìyẹn da ọ̀rá dí gọ́tà yín. Wọ́n tún rí ọ̀kan nínú igi olóòórùn dídùn kan ní Honduras tí atẹ́gùn tó ń ti ara rẹ̀ jáde ń pa fọ́ńgáì mìíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ohun tí mo sọ yìí di ọjà tuntun lórí mọ́tò tó ń pariwo kiri. Mo ti ń gbọ́ gbohùngbohùn rẹ̀ létí: "Àgbo olú inú ewé, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo ẹ̀yìn ríro!" Irọ́ ni. Ohun tó bá sì bu lórí èèpo tàbí egbò tí ẹ sá tí kò gbẹ dáadáa, kì í ṣe òun là ń sọ. Ẹ dà á nù. Ní Kenya, ní 2004, májèlé tí irú fọ́ńgáì bẹ́ẹ̀ tu sínú àgbàdo pa ènìyàn 125. Májèlé yẹn, sísè kì í pa á tán. Ìtòsí wa níbí, ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, wọ́n ti lo ẹ̀yà fọ́ńgáì náà gan-an tí kì í ṣe májèlé láti fi gba ààyè lọ́wọ́ èyí tó ń ṣe é. Orí ọkà bàbà ni wọ́n gbé e lé, kílò 10 sí hẹ́kítà kan, àgbẹ̀ á fọ́n ọn sí oko àgbàdo ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó yọ òdòdó. Aflasafe ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá ní oko àgbàdo, ẹ béèrè rẹ̀.

Mo ti kọ àdéhùn kan sílẹ̀, ojú ìwé kan péré, Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Bí Ìyálọ́jà bá gbà mí láàyè, n ó mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ yín tó ń bọ̀. Ẹ mú ọmọ tó mọ̀wé dání kó kà á sí yín létí, kí ẹ fi bírò gé ohun tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn dànù, kí ẹ fi èyí tí mo gbàgbé kún un. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé e lọ sílé, ẹ sùn lé e lórí. Bí a bá ti jọ gbà, ewé akòko, òrúwo àti asofẹ́yẹjẹ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ka mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹni tó já a sọ ibi tí igi rẹ̀ wà fún mi. N ó sanwó bí gbogbo oníbàárà ṣe ń san án, ẹ má sì tìtorí pé mo kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ dín in kù.

Èmi ni ọmọ yín,
oníbírò kan láti Òkè-Fìà, Òṣogbo.